Ajá Ìran Ọlọ́lá Tí Kò Ríran

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ajá ló gbé e wá. Darandaran kan tó ń da àgùntàn lẹ́yìn ìlú ló pe ẹni tó ta ajá fún un lẹ́jọ́, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Baba Ìran-Pípé, nítorí pé bó bá ń polówó ajá, láti orí baba ńlá ajá náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Darandaran ní ajá náà ò tíì dàgbà tán tí ojú rẹ̀ fi ń ṣú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó da gbogbo agbo sínú kòtò, àgùntàn mẹ́ta sì kán lẹ́sẹ̀. Ará ilé ní kóun lé e dànù, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ ohùn òun, ìrù ló ń jù. Ọkàn òun ò gbà á.

Kábíyèsí kọjú sí ẹni tó tà á.

"Kábíyèsí, ìran ni mo tà fún un, n ò ta ojú. Ajá ọlọ́lá kì í wo gbogbo ohun tí mẹ̀kúnnù ń wò."

Àwọn ìjòyè mi orí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kan ilé tiwọn.

Kábíyèsí ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyá ajá yìí ńkọ́, ṣé ó ríran? Ọkùnrin náà ní ojú àṣá ni. Ó ní ìyàwó òun tóun mú wá jẹ́rìí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Baba wọn, ojú àṣá kẹ̀? Èyí tó ń ju ìrù sí òpó ilé láràárọ̀, tó rò pé ẹ̀yin lẹ dúró?" ni ìyàwó náà wí.

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?" ni Kábíyèsí bi í.

"Ọmọ ìyá kan náà lòun àti ìyá ajá, Kábíyèsí. Ọkọ mi ní àlejò ò gbọdọ̀ wọ ẹbí."

Dókítà ẹranko tó wà níbẹ̀ ní inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn ojú náà ń gbé. Òbí ló ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá sì ń fẹ́ra, ogún ọ̀hún ò ní tán.

Kábíyèsí wúkọ́. Darandaran rò pé ó fẹ́ ní kí wọ́n pa ajá òun.

"Baba Ìran-Pípé, ojú tìrẹ ṣì mọ́lẹ̀. Ìwọ lo máa máa da àgùntàn yìí, títí ajá ilé rẹ yóò fi bí ọmọ tó ríran. Ajá tó fọ́jú á jókòó sílé olówó rẹ̀, ìwọ ni wàá máa bọ́ ọ. Abo tó wà nílé rẹ, ajá alápatà ni kó gùn ún, èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ bàbá rẹ̀, àmọ́ tó ń rí egungun láti òpópónà kejì. Níbi tó o bá sì ti pàdé alápatà, àna ni kó o máa pè é."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kúkú ti òun mọ́lé. Kábíyèsí ti dìde.

Láàárọ̀ òní, darandaran jókòó sẹ́nu ọ̀nà, orí ajá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó ń wo Baba Ìran-Pípé tó ń sá tẹ̀lé àgùntàn, ṣòkòtò rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ni alápatà bá kí i láti òdìkejì títì.

"Àna mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

Baba Ìran-Pípé kọjú sígbó, ó ṣe bí ẹni tí kò ríran.