Tíṣà Adelé Tó Fẹ́ Di Onílé

Tíṣà adelé ni ọkùnrin yìí, àmọ́ kì í fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ pe "adelé" yẹn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, "Baba Ìṣirò, Aṣírò-má-ṣì" ló kọ gàdàgbà sójú pátákó, ó sì fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ní kó fi dúró fún tíṣà obìnrin tó lọ bímọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó sórí àga onítìmùtìmù ìyá ìkókó náà báyìí, àga bá a lára mu. Ó pinnu pé òun ò ní í dìde mọ́.

"Ta ló ń kọ́ yín níṣirò tẹ́lẹ̀?" ló máa ń bi àwọn ọmọ. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ ti jìyà!"

Bó bá ti yọjú wo ìwé rẹ̀ fìrí, ìdáhùn ti jáde. Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé ìwé tíṣà ní ìdáhùn lẹ́yìn: ti ìbéèrè kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, títí lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe ìwé náà fo àwọn tó wà láàárín, Baba Ìṣirò náà sì ń fò wọ́n.

"Ìyẹn rọrùn jù," á ní. "Ẹ lọ ṣe é nílé."

Nígbà tó yá, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé pé kí wọ́n kúkú fún òun níṣẹ́ náà pátápátá, kí wọ́n sì pe àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ọ̀gá àgbà, obìnrin tí kì í pariwo, pè wọ́n. Ó pe ìyá ìkókó náà mọ́ wọn.

Àwọn òbí kún ẹ̀yìn kíláàsì fọ́fọ́. Baba Ìṣirò na ṣọ́ọ̀kì sókè. "Ẹ mú èyí tó bá wù yín!"

"Ìkẹjọ," ni ọ̀gá àgbà wí.

Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ó tún un ṣí. "Ìkeje ńkọ́, mà? Ìkeje dùn gan-an."

"Ìkẹjọ, tíṣà."

Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Òógùn bò ó, ló bá fi aṣọ ìnupátákó nujú. Ojú rẹ̀ funfun báláú.

Ọmọbìnrin kan níwájú ṣàánú rẹ̀. "Mà, tíṣà wa kì í ṣe ìkẹjọ. Wọ́n ní ó rọrùn jù."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé.

Ìyá ìkókó dìde, kò bú u. Ó fi ọwọ́ kan gbé ọmọ séjìká, ó fi ìkejì gba ṣọ́ọ̀kì, ó yanjú ìkẹjọ ní ìlà mẹ́rin. Nígbà tó fi máa yíjú padà, Baba Ìṣirò ti há sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ, orúnkún kan àgbọ̀n, ó ń dà á kọ.

Ó rọra nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìlà kẹta yẹn ò yé mi."