Ọjọ́ Ẹbí ní Ilé Búrẹ́dì Adùnbárìn

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkèdíran, ẹ gbọ́! Ẹ̀yin tí ẹ jí lánàá tí ẹ ò rí búrẹ́dì rà, ẹ wá gbọ́ ohun tó fà á!

Ọ̀gá Ṣówándé, ẹni tó ni ilé búrẹ́dì Adùnbárìn, ló rán mi. Ọ̀gá lọ ṣe ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá ti dé! Ó ti dé o! Wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́. Ẹbí ni wọ́n! Ẹbí kan ṣoṣo! Owó oṣù wọn nìkan ni kò tíì gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó lẹ àṣẹ mọ́ ògiri.

Àṣẹ kìíní! Láràárọ̀, kí iná tó wọ ààrò, kí gbogbo ẹbí tò síwájú àwòrán Ọ̀gá, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, kí wọ́n kọ orin “Ẹbí kan ni wá” lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá yán, yóò dá kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin!

Àṣẹ kejì! Báàjì ẹbí tí Ọ̀gá pín kò gbọdọ̀ kúrò láyà. Bó bá já sínú ìyẹ̀fun, kí ẹni tó ni ín wá a rí kó tó di búrẹ́dì. Tíṣà kan ti fi eyín kan ọ̀kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Àṣẹ kẹta! Bí ayọ̀ bá wọ ilé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, kí gbogbo ẹbí péjọ síbẹ̀, tàwọn ti báàjì, tàwọn ti orin. Ẹni tí kò bá yọjú, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ilé tuntun tí Ọ̀gá fẹ́ ṣí ló ń rò nígbà tó ń kọ èyí.

Àṣẹ kẹrin! Ọjọ́ Ẹtì ni Ọjọ́ Ẹbí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbàyè, ìbáà jẹ́ pé ẹbí rẹ̀ ló ń pè é!

Àṣẹ kẹrin yìí ló ba Rẹ̀mílẹ́kún nínú jẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀. Àrínọlá ọmọ rẹ̀ wá ọmọ fún ọdún méje gbáko kí ó tó bí, ọjọ́ Ẹtì yìí gan-an sì ni ìsọmọlórúkọ. Ó fi orúnkún méjèèjì bẹ Ọ̀gá. Ọ̀gá ní ẹbí kì í fi ẹbí sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹbí. Ó fún un ní báàjì kejì kó fi rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún.

Ó dùn ún. Ó dùn ún wọra! Ó lọ sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun, ó sunkún níbẹ̀. Ta ni yóò bá a gbé ọmọ náà, tí wọ́n bá ń fi oyin kan án lẹ́nu?

Bàbá Jínádù tó ń dáná ààrò rí i. Bàbá yìí kì í kánjú kàwé. Ó dúró níwájú ògiri, ó ń fi ìka tọ àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé àṣẹ kẹta, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó pe àwọn yòókù.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gá dúró lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀. Kò séèyàn! Ààrò tutù! Gbogbo òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógójì ti wà nílé Àrínọlá, báàjì láyà, ọwọ́ láyà, wọ́n kọrin lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà sùn fọnfọn. Rẹ̀mílẹ́kún gbé e mọ́ra, ó lẹ báàjì kejì mọ́ aṣọ ọmọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú.

Ẹ gbọ́ o! Àṣẹ karùn-ún jáde láàárọ̀ yìí! Ọ̀gá pa àṣẹ kẹta rẹ́! Ó pa á rẹ́ ráúráú! Ṣùgbọ́n àná ti lọ, àṣẹ náà sì ṣì wà lára ògiri lánàá. Nínú gbogbo ẹbí, ẹnì kan ṣoṣo ni kò yọjú síbi ayọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n rán mi níṣẹ́ ẹrú, mo ti fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohùn nìkan ni tèmi, Ọ̀gá ló lọ̀rọ̀. Kí ẹni tó gbọ́ sọ fún ará oko. Mo kọjá o!