Gbádégẹṣin Ń Dúró De Ṣíìpù

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, ọjọ́ tí ìròyìn dé pé ṣíìpù tuntun, ọpọlọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ronú, yóò jáde nígbà ìwọ́wé. Yàrá abẹ́ ilé Olóyè Akínwùmí ní Mitchellville, ní Amẹ́ríkà, ni ààfin ọ̀hún. Ibẹ̀ ni Olóyè yìí, Baálẹ̀ àwọn Yorùbá àdúgbò, ti ń jókòó lórí àga tó ń na ẹsẹ̀ fún ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Láti Glenn Dale ni Gbádégẹṣin àti ìyàwó rẹ̀ ti wá, kálukú nínú mọ́tò tirẹ̀. Ìyàwó ló ṣáájú.

"Èyíwùnmí, kí ni ọkọ rẹ ṣe?" ni Baálẹ̀ bi í.

Èyíwùnmí kúnlẹ̀, Oyinkán ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá, kọ̀ǹpútà ilé wa ti kú tán, mímí ló kù. Tí mo bá tàn án, mo lè se ìrẹsì, kí n wẹ ọmọ, kò ní tíì jí. Mo ní kí ọkọ mi ra òmíràn. Wọ́n ní ká dúró, ṣíìpù tuntun ń bọ̀. Ó dé. Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ń bọ̀. Àbúrò dé. Láàárọ̀ yìí wọ́n ń yọ̀ kiri ilé pé àbúrò ti lóyún!"

Alhaja Kúlísúmù, Ìyálóde nínú ìgbìmọ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò gbé ọmọ náà pọ̀n?"

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, Alhaja. Nígbà tí mo lóyún Oyinkán, ìyá ọkọ mi ki oyún náà ní oríkì ní Ìbàdàn. Wọ́n ká a sínú fíláàṣì, ike kékeré tí à ń kì bọ kọ̀ǹpútà, wọ́n fi rán èrò ọkọ̀ òfurufú sí wa. Kí ó tó dé, ìyá ti jáde láyé. Ọmọ ti ń rìn báyìí, kò tíì gbọ́ ọ. Oríkì ọmọ mi ni mo wá gbà."

Gbogbo ojú yí sí Gbádégẹṣin. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tò.

"Bàbá, ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà lónìí, ọ̀la ni yóò kábàámọ̀. Ẹ bi Déolú."

Déolú, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Beltsville, dìde. "Òótọ́ ni. Ọlọ́gbọ́n kì í rà á lásìkò yìí."

"Irọ́!" Mọ́ṣúdù, aládùúgbò wọn, ti fò sókè. "Tuntun kí ni? Ti tẹ́lẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo tún un ṣe."

"Ẹ tún un ṣe?" ni Èyíwùnmí wí. "Ìgbà tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ tó ń gé koríko!"

"Kíkùn yẹn, agbára ni!"

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Déolú, irú èwo ni ìwọ ń lò?"

Déolú wo àjà. "Mo... mo ra tuntun lóṣù tó kọjá, Bàbá. Iṣẹ́ ló fipá mú mi."

"Níbo ló wà?"

"Nínú bùútù mọ́tò mi."

Ẹ̀rín sọ. Gbádégẹṣin wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Alhaja tẹjú mọ́ Gbádégẹṣin. "Ṣé kò sí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ rẹ ni?"

"Ti ìjọba ni, Alhaja. A ò gbọdọ̀ ki nǹkan bọ̀ ọ́."

"Ti ilé ìkàwé ńkọ́?"

"Wọn kì í pariwo níbẹ̀. Ìyá mi ò mọ̀rọ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

Baálẹ̀ ká ẹsẹ̀ àga rẹ̀ wọlé, ó jókòó dáadáa. "Gbádégẹṣin, ká ní ṣíìpù yẹn wà níwájú rẹ báyìí ńkọ́?"

Ó fẹ́ sọ pé èyí tó dára jù ú lọ ń bọ̀. Àpò àyà rẹ̀ ló fọwọ́ bà dípò bẹ́ẹ̀.

"Fíláàṣì yẹn á ṣí, Bàbá."

"Tó bá ṣí?"

"Á parí." Kápẹ́ẹ̀tì ló ń wò. "Òun nìkan ló kù tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ìyá mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èyíwùnmí sún mọ́ ọn lórí eékún rẹ̀.

Baálẹ̀ wúkọ́. "Ìdájọ́ rèé. Mọ́ṣúdù, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun tó ń lo iná mọ́, àfi gílóòbù ilé rẹ. Déolú, gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá. Ààfin ti gbẹ́sẹ̀ lé e títí Oyinkán yóò fi mọ oríkì rẹ̀ lórí."

"Bàbá, ọmọ yìí ò tíì lè sọ̀rọ̀!" ni Déolú ké.

"Nítorí náà, máa kọ́ ọ. Gbádégẹṣin, bí o bá kọ̀ láti ṣí i lónìí, oúnjẹ rẹ náà yóò máa dúró. Bí o bá béèrè ọbẹ̀, ìyàwó rẹ á ní tọ̀la ń bọ̀, ẹran rẹ̀ á pọ̀ ju tòní lọ. Ohun tí ìyá rẹ fi rán ọ sí ọmọ, ìránṣẹ́ ni ọ́, ìwọ kọ́ lo ni ín."

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà Déolú lé tábìlì. Gbádégẹṣin yọ fíláàṣì kúrò nínú àpò àyà rẹ̀, ó kì í bọ̀ ọ́. Kíá ló ṣí. Lójú kọ̀ǹpútà, ìyá àgbà kan ń tún gèlè rẹ̀ wé, ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ká a bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èyíwùnmí sọ Oyinkán kalẹ̀ síwájú tábìlì. Gbádégẹṣin bọ́ bàtà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì Baálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, kò sì dìde títí ìyá rẹ̀ fi ki ọmọ náà tán.