Ìjà Fọyèkẹ́ àti Ọkùnrin Alákẹtẹ̀

Kí ẹni tó jókòó túnra mú, kí ẹni tó dúró fẹ̀yìn ti ògiri, nítorí a kì í ròyìn akin fún ẹni tó ń tòògbé. Fọyèkẹ́ Àyọ̀ká ni à ń wí, ọmọ Gbádébọ̀ awakọ̀ ní Ìkìrun, ọmọ ọmọ Oyèrìndé alágbẹ̀dẹ, ọmọ ìran tí kì í bẹ̀rẹ̀ wọlé, ìran tí àtẹ́rígbà ilé kankan kò gbá lórí rí, abẹ́rẹ́ tí kò ṣeé mì fún adìẹ, ata wẹ́wẹ́ tí ń mú baálé ilé sunkún lójú àlejò.

Ọlọ́run tó dá ìran náà kò ṣahun. Ó fún wọn ní ọgbọ́n, ó fún wọn ní ohùn, ó fún wọn ní ẹsẹ̀ tí kì í tètè rẹ̀; nígbà tí yóò fi kan gíga, ọjà ti tú. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọba jẹ tí gbogbo ìlú tú síta, Oyèrìndé lọ, kò rí adé, kò rí ọba, ṣónṣó agboòrùn nìkan ló rí, ó sì fi ogún ọdún ròyìn agboòrùn náà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Gbádébọ̀ náà lọ wo bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn nígbà èwe, etí ló fi gbọ́ gbogbo góòlù tí àwọn ẹlòmíràn fi ojú rí. Fọyèkẹ́ fúnra rẹ̀ di olùkọ́ ní ilé-ìwé jẹ́léósinmi, níbi tí àwọn òbí tuntun ti máa ń fọwọ́ kàn án lórí, tí wọ́n á bi í pé, "Tíṣà yín ńkọ́?" Kì í bínú. Á ní, "Èmi náà ni, mà," á sì gba àpò ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi orin wọn ènìyàn, tí a pa ti ẹsẹ̀ bàtà tì, kò sí òmìrán tó lè dúró ti ọmọ yìí ní gbogbo Ìkìrun. Òun ni agbọ́rin-má-fo-ẹsẹ̀, òun ni agberin-kí-olórin-tó-dá-a, ẹni tí yóò gbọ́ ìró ìlù kan péré láti inú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí yóò sì dárúkọ orin náà kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó sì ní èrò tirẹ̀ nípa ayé àwọn olórin, kì í fi í pamọ́ fún ẹni tí wọ́n bá jọ wọkọ̀. Ó gbà pé orin ìsinsìnyí ti kúrú jù, pé kí ènìyàn tó gbé omi ẹ̀bà kaná, olórin ti dágbére. Ó gbà pé àwọn àgbà tó ń sọ pé orin ọmọdé kò nítumọ̀, ègbè nìkan ni wọ́n ń dúró gbọ́. Èyí tó sì ń dùn ún jù ni ti àwọn tó ń lọ síbi eré, tí wọ́n á na fóònù sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lójú tirẹ̀, fóònù ló lọ wòran, ẹni tó ni ín kàn sìn ín lọ ni.

Nínú gbogbo olórin tó wà lókè eèpẹ̀, Rẹ̀mí Ìràwé ni ọkàn rẹ̀ yàn, ọmọkùnrin onígìtá kan tí ohùn rẹ̀ máa ń há díẹ̀díẹ̀ bí ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀, tó fi di pé wọ́n ń pè é ní Ìràwé. Orin rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ "Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn," tó sọ ti ẹnìkan tí kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nítorí ará ilé tó rìnrìn àjò. Nígbà tí ìyá Fọyèkẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ àgbà tọ́mọ ní Kánádà, tí wọ́n ní oṣù mẹ́ta ni, tí oṣù mẹ́ta náà di ọdún méjì, orin yìí ni Fọyèkẹ́ ń gbọ́ bó bá ń fọ abọ́, òun ló ń gbọ́ bó bá ń lọ aṣọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń pa òun lẹ́kún. Ó kàn máa ń ṣí ẹ̀rọ omi kó dún sókè díẹ̀ sí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ wo Rẹ̀mí, ẹ̀ẹ̀mejì ló bọ̀ láìrí i. Ní Ìlọrin, òpó gbọ̀ngàn ló wò. Ní Ìbàdàn, bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká níwájú rẹ̀, ó sì wo ìdí ọmọ náà títí wọ́n fi parí. Nígbà tí rédíò wá kéde pé Rẹ̀mí ń lọ kàwé lókè òkun, pé eré tí yóò ṣe ní Òṣogbo lọ́sàn-án Sátidé ni ìkẹyìn, Fọyèkẹ́ gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀.

Ó sọ fún Sìlífá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ olùkọ́, pé, "Tí n ò bá rí i lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn."

Sìlífá ní, "Ṣebí ò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí lo fẹ́ fi ojú rẹ̀ ṣe?"

Fọyèkẹ́ ní, "Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ mọ ẹni náà."

Báyìí ni jagunjagun ṣe múra ogun. Ó wọ bàtà gogoro tó fi ìbú ìka mẹ́ta kún èyí tí Ọlọ́run fún un, ó mu omi tó mọ níwọ̀n kí ìtọ̀ má baà dà á láàmú lójú ìjà, òun àti Sìlífá sì dé pápá náà nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú bọ̀, tí àwọn tó ń to ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì ń fa wáyà kiri. Ọ̀wọ́ kejì ni wọ́n dúró sí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà níwájú Fọyèkẹ́, ó di irin tí wọ́n fi pààlà mú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga. Fọyèkẹ́ wo orí ìtàgé láti òkè èjìká obìnrin náà, ó rí àga, ó rí gìtá lórí àga, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Oòrùn pa wọ́n, wọn kò kúrò. Àwọn ènìyàn tì wọ́n, wọn kò mì. Òógùn ṣàn dé inú bàtà, wọ́n ní kó máa ṣàn.

Àfi ìgbà tí àwọn onílù gun orí ìtàgé, tí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí bojú wẹ̀yìn, tó juwọ́, tó sì sọ pé, "Bùrọ̀dá mi ni mo ń gba àyè sílẹ̀ fún. Oòrùn ti fọ́ mi lórí." Ló bá yọ ara rẹ̀ jáde, ó wá ibòji lọ.

Ẹ̀yin ará, ọkùnrin tó wọlé síbẹ̀ ga. Ó ga bí ọ̀pẹ tí adẹ́mu wò tó mirí. Ó ga bí òpó tí wọ́n fi ń fa iná ìjọba wọ ìlú, ẹni tó ń wo ohun tó wà lẹ́yìn ọgbà láìna ọrùn, ẹni tí kì í bi ará ilé pé ibo ni wọ́n gbé nǹkan sí lórí àjà. Àfi bíi pé gíga náà kò tó o, ó tún dé akẹtẹ̀ koríko fífẹ̀, irú èyí tí Rẹ̀mí máa ń dé, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ń dé láti fi yẹ́ ẹ sí. Etí akẹtẹ̀ náà ṣíji bo Fọyèkẹ́ pátápátá. Oòrùn kò pa á mọ́, ìyẹn sì ni gbogbo àǹfààní tó rí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ariwo sọ. Rẹ̀mí ti jáde. Fọyèkẹ́ mọ̀ pé ó ti jáde nítorí pé gbogbo ènìyàn ló pariwo.

Ìgbìdánwò àkọ́kọ́, ẹnu ló fi ṣe é, nítorí ọmọ tí a kọ́ nílé kì í fi ipá ṣíwájú ẹ̀bẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọkùnrin náà lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá, ẹ bá mi ṣí akẹtẹ̀ yín."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọ́ ọ, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Ó ní, "Mo lè ṣí i o, àbúrò mi. Orí mi wà lábẹ́ ẹ̀ ni."

Ó ṣí i lóòótọ́. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Fọyèkẹ́ dúpẹ́, ọkùnrin náà sì dé akẹtẹ̀ rẹ̀ padà.

Akin kì í sá nítorí ìkùnà kan. Ó yà sápá ọ̀tún bí ọ̀gá ogun tó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀lú. Ọkùnrin náà ń jó, ó fì sápá ọ̀tún. Ó yà sósì. Orin yí padà, ọkùnrin náà fì sósì. Bí ẹni pé àwọn méjèèjì ti jọ kọ́ ijó náà fún ọdún kan. Obìnrin kan tó ń ta omi tútù gbé kúlà rẹ̀ kalẹ̀ nítòsí, ó sì gbà kí Fọyèkẹ́ gùn ún. Láti orí kúlà yìí ló ti rí irun onílù, ó rí ìka atẹdùùrù, ó ku díẹ̀ kó rí èjìká Rẹ̀mí.

"Àǹtí, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni olómi wí. "Wọ́n fẹ́ ra omi."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. Òǹgbẹ ń gbẹ gbogbo Òṣogbo lọ́jọ́ náà. Ó gùn, ó sọ̀, ó gùn, ó sọ̀, títí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ òsì fi kán kọ́ọ́. Fọyèkẹ́ bọ́ bàtà méjèèjì, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ koríko. Ọmọ ogun tó wá pẹ̀lú ìka mẹ́ta lékún ti padà sí ìwọ̀n tí wọ́n bí i mọ́.

Sìlífá ṣàánú rẹ̀. Ó na fóònù sókè, ó ń ya eré náà, ó sì yí ojú fóònù sí i. "Wò ó níbí. Ó hàn kedere."

Ó hàn lóòótọ́. Ọkùnrin kékeré kan tó tó èékánná wà nínú rẹ̀, ó ń mì. Fọyèkẹ́ wò ó, ó gbójú kúrò. "Ìyẹn wà nílé," ló wí.

Ìgbà yẹn ni ìlù dákẹ́. Rẹ̀mí ń tún okùn gìtá fà, gbogbo pápá sì gbọ́ bó ṣe sọ pé, "Èyí ló kẹ́yìn. 'Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn' ni." Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́. Fọyèkẹ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀wù ọkùnrin alákẹtẹ̀, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí òógùn ti fi omi ya àwòrán ilẹ̀ sí, ó sì rí i pé ìyẹn ni yóò máa rántí títí ọjọ́ ayé bí wọ́n bá ti dárúkọ orin náà. Ìbànújẹ́ gbé e, ó sì gbé e dé ibi tí ìtìjú kò dé. Ó fa ohùn jáde, ohùn tó fi ń to àwọn ọmọ sórí ìlà láràárọ̀, ohùn tí kò ga tí kò sì ṣeé kọ̀.

"Bùrọ̀dá. Tí mo bá bọ́ síwájú yín, kí ni mo máa dí mọ́ yín lójú?"

Ọkùnrin náà yí padà. Ó wo orí rẹ̀, ó wo ara tirẹ̀ wálẹ̀, ó fi ọwọ́ wọn ibi tí orí náà yóò dé.

"Àyà mi," ló wí.

"Ṣé àyà yín ló wá wòran?"

Ọkùnrin náà rò ó. Gìtá ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìtàgé, ó ń rò ó. "Rárá," ló wí níkẹyìn. Ojú rẹ̀ yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nǹkan tó sọnù padà fún. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń pòṣé lẹ́yìn mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní pápá bọ́ọ̀lù. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n kúrú ni. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí n bọ́ sẹ́yìn."

Ló bá bọ́ sẹ́yìn.

Bí ẹnubodè ìlú tí ogun ti dó tì fún ọdún méje ṣe ń ṣí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ṣí. Fọyèkẹ́ wọlé láìsáré, láìwo ẹ̀gbẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú. Àwọn tó wà lẹ́yìn rí àyè, wọ́n fẹ́ rọ́ wọlé tì í, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà na apá rẹ̀ gígùn méjèèjì kọjá lórí èjìká rẹ̀, ó di irin mú lọ́tùn-ún lósì, kò sì sí ẹni tó lè kọjá. Adéyanjú lorúkọ rẹ̀, káfíńtà ni láti Ẹdẹ. Ẹni tó jẹ́ odi ọ̀tá ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti di odi ìlú ẹni.

Rẹ̀mí Ìràwé sì kọrin. Kò jìnnà ju ibi tí ènìyàn lè dúró sí kí aládùúgbò kúùárọ̀ lọ. Bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ kan ṣí. Ó di ojú nígbà tí orin dé ibi tí aṣílẹ̀kùn náà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó rò pé ti ará ilé rẹ̀ ni, tó sì wá jẹ́ ti ewúrẹ́. Omi dà lójú Fọyèkẹ́, kò nù ún, nítorí ẹni tó bá ń nu ojú kò ríran. Lókè orí rẹ̀ lọ́hùn-ún, Adéyanjú ń gbe orin náà pẹ̀lú ohùn tó burú, kò sì dí i lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sí gáréèjì, Fọyèkẹ́ gbé bàtà lọ́wọ́, Sìlífá bi í pé, "Fọ́tò tí o yà dà?"

"Mi ò yà kankan."

"Ta ló máa wá gbà pé o rí i?"

Fọyèkẹ́ ronú. Ó ní, "Ó ní eyín kan lókè, lápá òsì, tó gun èkejì."

Sìlífá dúró lójú ọ̀nà, ó ṣí fóònù, ó wo àwòrán Rẹ̀mí kan, ó wo òmíràn, ó wo èyí tó wà lára páálí ìpolówó, ó wo èyí tí òun fúnra rẹ̀ yà lọ́jọ́ náà tó ń mì. Ní gbogbo wọn, eyín tò gbọọrọ bí eyín ààrẹ. Ó pa fóònù náà, ó ní, "O rí i lóòótọ́," wọ́n sì wọkọ̀.

Nítorí náà, kí ó di mímọ̀ fún ọmọdé àti àgbà, fún ará Ìkìrun àti ará Òṣogbo, fún gbogbo ẹni gíga tó ń dúró níwájú àti gbogbo ẹni kúkúrú tó ń na ọrùn lẹ́yìn, pé Fọyèkẹ́ Àyọ̀ká, ọmọ Gbádébọ̀, jáde lọ́sàn-án gangan, ó jagun, ó sì ṣẹ́gun. Kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kò mú ẹnikẹ́ni lẹ́rú, kò sun ilé kankan níná. Eyín kan ṣoṣo ló kó bọ̀ láti ojú ogun, ẹnu ẹni tó ni ín ló sì wà di òní.