Máíkírówéèfù Tí Kò Ní Wáyà

Ẹ jẹ́ ká tètè ki Mo-Ti-Rà-Á kó tó ki ara rẹ̀, torí bí a bá fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é, kò sì ní parí lónìí. Àgbà oníṣòwò táyà! A-rà-má-bèèrè! A-wọ-ṣọ́ọ̀bù-bí-ẹni-wọ-ilé-bàbá-rẹ̀! Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn parí gbólóhùn, torí ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí olúwarẹ̀ tó lanu.

Kì í ṣe orúkọ tí òbí sọ ọ́ nìyẹn o. Àwọn ará àdúgbò ló fún un. Bí o bá ní o rí bàtà kan tó wù ọ́, á ní, "Mo ti rà á." Bí o bá ní wọ́n ti ṣe àga kan jáde tó ń yí po, á ní, "Mo ti rà á, ó tiẹ̀ ti sú mi." Lọ́jọ́ tí Ìyá Oníbúrẹ́dì ń sọ pé ibà mú òun, ẹnu rẹ̀ ti wí pé "Mo ti" kó tó rántí pé wọn kì í ta ibà.

Nídìí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣá, kò gọ̀ rárá. Bí oníbàárà bá ń wo bí táyà ṣe ń dán, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, má wo ìta rẹ̀. Inú la fi ń mọ táyà." Gbogbo àdúgbò ló ti ra táyà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ ọ̀rọ̀ yìí sórí.

Ohun tí kò jẹ́ kó sùn dáadáa lásìkò tí à ń wí yìí ni ipò alága àdúgbò. Bàbá Alága, tó ti wà lórí àga náà láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Àwọn méjì ló ń du ipò yìí: Mo-Ti-Rà-Á àti Onígbàjámọ̀ tó ń gẹrun fún gbogbo àdúgbò. Onígbàjámọ̀ sì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ta ni yóò bá ẹni tó máa ń gbé abẹ sí òun lọ́rùn ṣọ̀tá?

Ìpàdé àdúgbò yìí ní àrùn kan: kì í tètè parí. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ajá ta ló yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ta, ọbẹ̀ tí wọ́n bù fún wọn á tutù nini. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Alága fi ṣíbí ti ọ̀rá tó dì lórí ọbẹ̀ adìyẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹni tó bá lè gbà mí lọ́wọ́ ọbẹ̀ tútù," ó ní, "òun ni mo máa dìbò fún."

"Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, Bàbá," Onígbàjámọ̀ dáhùn. "Èmi á gé ìpàdé kúrú. Iṣẹ́ mi ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gún Mo-Ti-Rà-Á lọ́kàn. Ó dìde, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀.

"Kí la fẹ́ gé ìpàdé sí? Máíkírówéèfù tó ń mú oúnjẹ gbóná ń bẹ láyé! Mo ti rà á. Kì í sì í ṣe irú èyí tí ẹ ń gbé ka orí tábìlì o. Èyí tí wọ́n ń kọ́ mọ́ inú ògiri ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìpàdé tó ń bọ̀ nílé mi, ká kúkú dìbò níbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, yíjú wò ó. Ilé ìdáná ilé wọn tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jáde wá, ògiri lásán ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tọkọtaya náà wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ilé ìdáná. Olùtajà kan fi téèpù ìwọ̀n kọ́ ọrùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé ẹ ti wọn ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí? Tó bá wà nínú ògiri, ó gbọ́dọ̀ ní àyè tí á máa fi mí—"

"Èmi ni mo máa mí."

"Ṣé èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ fẹ́, àbí èyí tó—"

"Èyí tí àlejò máa rí láti pálọ̀."

Ìyá Ìbejì ti fọwọ́ kan èyí kékeré kan tó ní bọ́tìnnì méjì péré. "Bàbá Ìbejì, ẹ wo èyí. Ó rọrùn láti lò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ sí ìsàlẹ̀, kí n má baà máa gbé ọbẹ̀ gbígbóná kọjá lójú ara mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò ga."

"Ìsàlẹ̀ kẹ̀! Ṣé àwọn àlejò á dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó rí i ni?"

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ ti lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń pàtẹ ọjà sí lẹ́yìn gíláàsì. Máíkírówéèfù kan wà níbẹ̀ tó dúdú minimini, tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí Mo-Ti-Rà-Á fi rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó tún fìlà ṣe. Ohun tó rí dùn mọ́ ọn.

"Èyí ni mò ń mú lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni olùtajà wí, "ìyẹn kì í ṣe ọjà títà. A kàn gbé e síbẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè—"

"Ṣé mi ò jọ ẹni tó lè rà á ni?"

"Ẹ jọ ọ́ sà. Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín—"

"Lọ pe ọ̀gá rẹ wá!"

Ọ̀gá dé, ó gbá ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Sà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Èyí kò ní—"

"Kò ní ẹgbẹ́! Mo mọ̀. Ẹ dì í fún mi."

Ọ̀gá wo olùtajà, olùtajà wo òkè àjà. Ta ni yóò máa lé ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé kó wá gbọ́? Wọ́n dì í fún un. Ó fọwọ́ kan ṣoṣo gbé e jáde, bí ẹni gbé ìrọ̀rí.

"Wò ó bó ṣe fúyẹ́!" ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ìgbàlódé kì í wúwo."

Bíríkìlà wá, ó lu ògiri ilé ìdáná níbi tí ojú àlejò mọ, títí ihò náà fi já sí yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn. Ó gbé ẹ̀rọ náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ọ̀gá, mi ò rí wáyà rẹ̀ o."

"Fóònù tó wà lápò rẹ yẹn, ṣé ò ń fa wáyà rẹ̀ kiri ni?"

Bíríkìlà rò ó. "Rárá sà."

"Ó dáa náà. Kọ́ ọ."

Nígbà tí bíríkìlà lọ tán, Mo-Ti-Rà-Á gbé ife tíì kan sínú rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó tẹ gbogbo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n tún dúró. Tíì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tó wọlé, tútù ló jáde. Ìyá Ìbejì na ìka sínú ẹ̀rọ náà, ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn náà já bọ́ sínú yàrá ìkẹ́rùsí. Ó bojú wo inú ihò náà, ó rí kẹ̀kẹ́ tí àwọn ìbejì ń gùn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "páálí ni. Èyí tí wọ́n fi ń polówó ni. Ohun tí wọ́n ń gbìyànjú láti sọ fún yín nìyẹn."

Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká dá a padà, ká mú kékeré yẹn."

"Kí n lọ sọ fún wọn pé kí ni? Pé èmi ra páálí? Ọ̀rọ̀ náà á dé ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ kí n tó délé." Omi lé ròrò sí i lójú. "Ìyá Ìbejì, wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín."

Ẹ̀rín ń pa Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é. Ohun tó mú un gbà nìyẹn nígbà tí ọkùnrin náà gbójú sókè, tó wo ihò yẹn pẹ́, tó sì rọra béèrè pé, "Sítóòfù kékeré wa yẹn, ṣé gáàsì ṣì wà nínú ẹ̀?"

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo àga ló kọjú sí i. Mo-Ti-Rà-Á bu ọbẹ̀ fún wọn, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ ajá sílẹ̀ kí ọbẹ̀ lè tètè tutù. Wọ́n jiyàn dáadáa. Nígbà tí ọ̀rá dì tán, ó gba abọ́ Bàbá Alága, ó gbé e sínú ẹ̀rọ, ó pa ilẹ̀kùn, ó fi ìka kan tẹ nọ́ńbà bí ẹni ń bu ọwọ́ lu ìwé ńlá.

"Hùùùùùn," ni ẹ̀rọ náà wí.

Ìyá Ìbejì ni. Ó dúró lórí àpótí lẹ́yìn ògiri, ó ń kùn láti imú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń bu ọbẹ̀ gbígbóná láti inú ìkòkò rọ́pò tútù. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ṣíbí kan ife.

"Tíín!"

Wọ́n ṣílẹ̀kùn, èéfín rú jáde. Ariwo ta. Bàbá Alága tọ́ ọ wò, ó di ojú.

"Ìbò mi ti di tìẹ," ó ní.

Onígbàjámọ̀ họrí. "Ẹ̀rọ yìí ń mí o. Mo gbọ́ ọ."

"Ó gbọ́dọ̀ máa mí," Mo-Ti-Rà-Á dáhùn. "Wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù."

Ká ní ó jókòó nígbà yẹn, alága ni ì bá jẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyìn ń pa bí ọtí kì í mọ ibi tí àga wà. "Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ wá!" ó kígbe. Wọ́n sì gbé e wá. Àwọn kan tilẹ̀ sáré délé lọ gbé oúnjẹ àná. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ẹ̀wà wá pẹ̀lú ìkòkò. "Hùùùn" di "hììì," lẹ́yìn náà ẹ̀rọ náà húkọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Ata yín ló pọ̀ jù."

Ìyá Oníbúrẹ́dì wò yíká. "Ìyá Ìbejì wa dà? Ká kí i kú oríire."

"Ó ń sùn. Kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe?" Mo-Ti-Rà-Á rọra fọwọ́ pa ẹ̀rọ lára. "Kí n má parọ́ fún yín, ohun tí ẹ̀rọ yìí ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyàwó mi ò ṣe é rí látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Èyí kì í rojọ́, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í dá mi lóhùn."

Lẹ́yìn ògiri, kíkùn dáwọ́ dúró.

Mo-Ti-Rà-Á tẹ nọ́ńbà. Kò sí nǹkan kan. Ó wúkọ́. Kò sí. Ó gbé ẹnu sún mọ́ ọn, ó rọra fi imú rán an létí: "Hùùn?" Onígbàjámọ̀ ti dìde, ó ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rọ náà dáhùn fúnra rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "gáàsì ti tán."

Bàbá Alága gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Èyí tí kì í dá yín lóhùn," Onígbàjámọ̀ wí, "ó mà mọ̀ yín dáadáa o."

Mo-Ti-Rà-Á fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà. "Rédíò ni! Ó ní rédíò nínú! Ìgbàlódé—"

Ilẹ̀kùn tì í síwájú láti ẹ̀yìn, ó sì ṣí. Ojú Ìyá Ìbejì ló yọ láàárín etí wúrà yẹn, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òógùn bò ó, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará àdúgbò," ó ní. "Ẹ má bínú pé mi ò kúnlẹ̀. Orí àpótí ni mo wà."

Ìyá Oníbúrẹ́dì sáré lọ kó orí bọ inú rẹ̀. Ó rí sítóòfù, ó rí ìkòkò, ó rí kẹ̀kẹ́. "Páálí ni!" ó ké. Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e, àwọn tó ń kọjá ní títì dúró láti gbọ́ ọ. Ọbẹ̀ gba imú Bàbá Alága jáde.

"Wọ́n lù mí ní jìbìtì ni!" Mo-Ti-Rà-Á ń lọ́gun. "Wọn ò sọ fún mi pé—"

"Wọ́n sọ," ni Ìyá Ìbejì wí. "Olùtajà sọ, ọ̀gá rẹ̀ sọ, bíríkìlà sọ. Èmi náà sọ. Bàbá Ìbejì, kí lẹ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà yín nípa táyà?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní àdúgbò yẹn, ẹnìkan parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú Mo-Ti-Rà-Á, kò já a gbà. Àwọn àlejò ló bá a dáhùn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà:

"Má wo ìta rẹ̀! Inú la fi ń mọ táyà!"

Bàbá Alága nu ojú, ó nu imú, ó dìde. "Mo ti ṣèlérí, mi ò sì lè yẹ̀ ẹ́. Ta ló gbà mí lọ́wọ́ ọbẹ̀ tútù?"

Gbogbo ọwọ́ nà sínú ògiri.

"Ta ni mí," Onígbàjámọ̀ wí, "tí màá fi bá máíkírówéèfù du ipò? Mo gbé e fún un."

"Ó dáa," Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀."

Ilé yẹn náà ni wọ́n ṣì ti ń ṣe ìpàdé títí dòní. Alága tuntun jókòó ní pálọ̀, kò sì sí ẹni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ọbẹ̀ bá tutù, á dìde, á gbé abọ́ sínú ògiri, á tẹ nọ́ńbà. "Hùùùn," ni ẹ̀rọ máa wí. Onígbàjámọ̀ sọ pé ohùn ẹ̀rọ náà ti nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láìpẹ́ yìí, àlejò kan ń ròyìn fún wọn nípa ẹ̀rọ kan tó ń dá fọ abọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́, ẹnu yà wọ́n. Ni ohùn kan bá jáde láti inú ògiri:

"Mo ti—"

Alága na ọwọ́, ó fi ìka kan ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.