Ìlànà Tuntun Tí Fádípẹ̀ Gbé Dé Káńsù

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni? Ẹ rò pé ọlọ́gbọ́n kan ló jókòó tó ronú kàn án? Rárá o. Igbe ẹni tí ìyà ń jẹ ni.

Fádípẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń yanjú ẹjọ́ ilẹ̀ ní káńsù Òkè-Ìṣọ́. Ọkùnrin náà ń fura sí gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá kí i káàárọ̀, ọwọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ wò, bóyá ẹ mú nǹkan rẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ní olú-ìlú sọ pé ọ́fíìsì rẹ̀ ń falẹ̀ jù, ó gbé ìlànà tuntun kalẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé nìkan la ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, a ó sì dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀.

Dúródọlá, igbá-kejì rẹ̀, ní, "Ọ̀gá, ẹnì kejì ńkọ́?"

"Bó bá jẹ́ olóòótọ́, kí ló ń ṣe nílé? Ẹni tó bá dé kẹ́yìn, irọ́ ló dúró ṣètò."

Lóòótọ́, iṣẹ́ yá. Àmọ́ ará Òkè-Ìṣọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé eré ẹsẹ̀ ló ń dá ẹjọ́. Ọkùnrin kan lọ fẹjọ́ sùn pé aládùúgbò òun máa yẹ ààlà lọ́la, wọ́n sì dá onítọ̀hún lẹ́bi ọ̀la. Àna méjì pàdé lọ́nà. Ọ̀kan ṣì ń kúnlẹ̀ kí èkejì, ìyẹn ti fò ó kọjá, ó forí lé káńsù. Àánú wọn ṣe mí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kẹ̀yìn sí ẹnìkejì mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Fádípẹ̀ rí Láṣebìkan, tí ilé wọn jọ fara kanra, tó ń wo ògiri ilé rẹ̀.

"Kí lò ń wò?"

"Alángbá ni, ẹ̀gbọ́n."

"Alángbá wo?"

Ọkàn Fádípẹ̀ ò balẹ̀. Gbogbo òógùn ayé rẹ̀ ló wà nínú ilé yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ránṣẹ́ pè é sí olú-ìlú láti wá gba ìyìn lórí ìlànà rẹ̀. Ta ni yóò kọ irú ìyẹn?

Ìgbà tó máa padà dé, wọ́n ti ń ṣí páànù orí ilé. Láṣebìkan ti lọ sọ pé orí ilẹ̀ òun ni wọ́n kọ́ ọ sí. Fádípẹ̀ sáré dé ọ́fíìsì, fìlà rẹ̀ já bọ́ sọ́nà.

"Dúródọlá, ilé mi ni! Gbọ́ tẹnu mi!"

"Ẹ kú àbọ̀, ọ̀gá. A ti dá a. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé."

"Olú-ìlú ni mo wà!"

Dúródọlá wò ó tìfuratìfura. "Kí lẹ ń ṣètò níbẹ̀?"

Ó tún sáré padà sí olú-ìlú. Ọ̀gá àgbà tó yìn ín yọjú lójú fèrèsé: "Fádípẹ̀, Láṣebìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí ni."

Nígbà tó darí dé, bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò ló bá nínú oòrùn. Ó káwọ́ lérí, ó figbe ta: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni!"

Ìyá arúgbó kan tó ń kọjá gbọ́. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sáré lọ sí káńsù, ó ní Fádípẹ̀ ń bú ọ̀gá ọ́fíìsì ilẹ̀. Kí Fádípẹ̀ tó débẹ̀ láti ṣàlàyé pé òun náà ni ọ̀gá ọ̀hún, wọ́n ti dá a lẹ́bi.

Ẹ ò wá rí i pé àwọn àgbà ò purọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.