Ọjọ́ Tí Adìyẹ Lọ Pẹja

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ? Ẹ má tíì dáhùn. Nígbà tí adìyẹ bà lókùn yẹn, èwo nínú àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ gbọ̀n, ṣé okùn ni àbí adìyẹ? Mo ti bi àgbà, mo ti bi ọmọdé, títí dòní n kò rí ẹni dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni mo lè sọ fún yín.

Ìlú kékeré kan wà létí adágún, Òkè-Adágún ni wọ́n ń pè é. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé a kì í sọ ọmọ lórúkọ láìsí ẹja nílẹ̀, ẹja náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a rà. Ará ilé ọmọ ló gbọ́dọ̀ dúró létí omi, kó fi ìwọ̀ fà á jáde. Bí ọjọ́ kẹjọ bá pé tí ẹja kò sí, orúkọ kò sí. Àlejò ni wọn yóò máa pe ọmọ náà títí ẹja yóò fi dé.

Àwẹ̀ró bí ọmọkùnrin, àkọ́bí rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ kọjá. Ọjọ́ kẹrìndínlógún dé, Àlejò ni ọmọ ṣì ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Àwẹ̀ró jẹ́ fún yín. Tí alángbá bá mi orí lára ògiri, Àwẹ̀ró á ní ògiri ló ń mì. Tí ọmọ bá ń sunkún, ẹ̀rù á bà á. Tí ọmọ bá dákẹ́, ẹ̀rù á tún bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, á lọ gbé ìka sí i nímú wò bóyá ó ń mí. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi gbígbọ̀n. Bó bá pọn omi kún agbè, ààbọ̀ ló ń délé. Ẹ wá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sáàárín àwọn aládùúgbò tó ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá láràárọ̀.

"Àwẹ̀ró, àlejò yín ńkọ́?"

"Ó wà, ẹ̀yin ìyá."

"Kò tíì lọ?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín lọ. Àwẹ̀ró kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Àlejò, ṣebí ẹni tó máa lọ ni. Òun fẹ́ kí ọmọ òun di onílé.

Kì í ṣe pé Àlàdé ọkọ rẹ̀ kò gbìyànjú. Ojoojúmọ́ ló ń fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, tó ń jókòó bí òkúta létí omi. Ẹja á jẹ ekòló tán, wọ́n á fi ìwọ̀ sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan tó fi ìbínú ju ìwọ̀, ìwọ̀ kọ́ fìlà orí Àlàdé fúnra rẹ̀, ó gbé e jù sínú adágún. Ohun kan ṣoṣo tí ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, omi ló sì gbà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún yẹn, Àwẹ̀ró ń fọ aṣọ ọmọ létí omi, ọmọ sùn sábẹ́ igi lẹ́yìn rẹ̀. Apẹja àjèjì kan wa ọkọ̀ kọjá.

"Ìyá ọmọ," ó ní, "mo ń rí ọkọ yín látàná. Ẹ ní kó yéé fi ekòló bọ́ ẹja. Ẹ wá ìyẹ́ adìyẹ funfun, ẹ so ó mọ́ ọrùn ìwọ̀. Ẹja epìyà á rò pé kòkòrò ni."

"Ìyẹ́ lásán?"

"Ìyẹ́ lásán. Tó bá ti wọ omi báyìí, ohun tí ẹ máa ṣe ni pé…"

Ibẹ̀ ni Àlejò ti ké. Àwẹ̀ró sáré gbé e, ó tú u wò láti orí dé ẹsẹ̀ bóyá èèrà ló jẹ ẹ́. Ìgbà tó máa fi gbójú sókè, ọkọ̀ ti wọ inú koríko lọ.

Adìyẹ funfun kan ṣoṣo ló wà nínú agboolé wọn, ti ìyá ọkọ rẹ̀ sì ni. Ìyálóde ni ìyá sọ ọ́. Ìyálóde kì í ṣa oúnjẹ nílẹ̀. Inú àwo ni wọ́n ń da àgbàdo rẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ìgbálẹ̀ lé e. Àwẹ̀ró fi ọmọ ti ìyá nínú ilé, ó fi àgbàdo tan Ìyálóde dé ẹ̀yìnkùlé, ó fa ìyẹ́ mẹ́ta yọ nídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyálóde figbe ta.

"Ta ló ń na ọmọ mi?" ìyá béèrè láti inú ilé.

"Kò sí o, ìyá. Àṣá ló rí."

Àwẹ̀ró ti mú ọ̀nà omi pọ̀n. Kò wẹ̀yìn, kò mọ̀ pé Ìyálóde ń tọ ìyẹ́ rẹ̀ bọ̀.

Nígbà tó so ìyẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ìwọ̀ mẹ́ta tán, tó fẹ́ ju ọ̀kan sómi, Àlàdé tó jókòó létí omi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Wo ọwọ́ yìí, bó ti ń gbọ̀n bí ewé. Ẹja wo ló máa sún mọ́ ọn?"

"Mo fẹ́ fi ọwọ́ mi pa ẹja orúkọ ọmọ mi ni."

"Ọwọ́ rẹ ló so ìyẹ́, ìyẹn ti tó. Jẹ́ ká wá nǹkan tí kì í gbọ̀n."

Ó ri òpó ọparun kan mọ́lẹ̀ nínú omi tí kò jìn, ó ta okùn láti ibẹ̀ wá sára kùkùté létí omi, ó sì fi okùn kéékèèké so ìwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ ọ. Okùn le ṣánṣán. Ìyẹ́ rọ̀ sínú omi, wọn kò mira. Epìyà wá, wọ́n wò ó, wọ́n lọ. Àwọn mìíràn wá, àwọn náà wò ó lọ. Oòrùn kan àtàrí.

Ìgbà náà ni Ìyálóde dé. Ó na ọrùn wo inú omi, ó rí ìdí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, kí ni ẹ máa ṣe? Ìyálóde fò, ó lọ bà sórí okùn.

Okùn lọ síwájú, Ìyálóde fà sẹ́yìn. Okùn padà sẹ́yìn, Ìyálóde tẹ̀ síwájú, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń sá aṣọ. Kò lè lọ, kò lè bọ̀, kò sì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ìyá ti tọ ohùn rẹ̀ dé, ó pọn Àlejò sẹ́yìn.

"Àlàdé, ta ló gbé ọmọ mi sórí omi?"

"Òun ló gbé ara rẹ̀ débẹ̀, ìyá."

"Tú okùn náà."

"Tí mo bá tú u, á já sómi."

"Má tú u nígbà náà."

"Tí n kò bá tú u, okùn á já."

"Kí ni ìwọ wá mọ̀ ọ́n ṣe?" Ìyá sún mọ́ omi, ó tẹjú mọ́ adìyẹ dáadáa. "Dúró ná. Ta ló fá ìdí Ìyálóde?"

"Ìyá, mo bẹ̀ yín," Àwẹ̀ró ní, "ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tó bi mí."

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìyẹ́ kìíní wọlẹ̀ wìì. Ẹja fa okùn sísàlẹ̀, Ìyálóde fò sókè, ó tún bà padà. Ìyẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ sí jó nínú omi, ẹja mìíràn gbé e. Ẹja méjì ń fà, adìyẹ kan ń tẹ̀, ìyẹ́ kẹta kò tilẹ̀ jó pẹ́ tí ẹja fi gbé òun náà. Àlàdé kó sómi láti di òpó mú. Òpó fà tu. Àlàdé ṣubú, Ìyálóde wòye, kò rí ibi tó gbẹ mọ́ àfi orí Àlàdé tí kò ní fìlà, ó bà síbẹ̀, ó sì fi èékánná dì í mú.

Àwẹ̀ró nìkan ló rántí ohun tí wọ́n wá ṣe. Ó di okùn mú, ó ń gbọ̀n, ó ń fà, ó ń gbọ̀n, ó ń fà, títí epìyà mẹ́ta fi ń ta pàtìpàtì lórí koríko.

Lọ́jọ́ náà gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo agboolé péjọ. Baálé gbé ẹja sókè, ó béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè.

"Ọwọ́ ta ló pa á?"

"Òpó tí mo rì ni," Àlàdé ní.

"Òpó tó tu?" ìyá ní. "Adìyẹ mi ló pa á."

"Ìyàwó, adìyẹ kì í lọ́wọ́," baálé sọ fún ìyá. "Àlàdé, sọ bó ṣe jẹ́ gan-an."

Àlàdé fọwọ́ pa orí rẹ̀ níbi tí èékánná ti wọlé.

"Bàbá, adìyẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

Baálé rẹ́rìn-ín títí ẹja fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ilé wọn ni adìyẹ ti ń jẹun, ará ilé ni, àṣà kò bàjẹ́. Ó wá sọ ọmọ ní Ilésanmí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn aládùúgbò tún ń kọjá.

"Àwẹ̀ró, àlejò yín ńkọ́?"

"Ó ti lọ," Àwẹ̀ró ní. "Ilésanmí ló kù nílé."

Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ ohun tí apẹja àjèjì yẹn kò rí sọ tán. Ẹlòmíràn tó ń fi ìyẹ́ pẹja létí adágún ló sọ ọ́ fún mi: ìyẹ́ tó bá dúró jẹ́ẹ́ kì í pa ẹja. Ó gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, láìsinmi, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ọwọ́ Àwẹ̀ró gan-an ni epìyà ń dúró dè láti àárọ̀. Wọ́n ní kó gbé e kúrò, ni iṣẹ́ bá di ti adìyẹ. Adìyẹ wá bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.